Ìkòkò ilé ló gbà wá lọ́wọ́ dáyẹ́ẹ̀tì

Èmi ni mò ń dáná nílé wa. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹni tó ń dáná máa ń rí ohun tí ẹni tó kàn wá jókòó jẹun ò lè rí. Gbogbo dáyẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìlànà ìjẹun tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kára fúyẹ́, tó ti gba ilé wa kọjá, ọwọ́ mi ló gbà kọjá, èmi ni mo lọ ra ohun tí wọ́n ní ká máa jẹ, èmi ni mo kó èyí tí wọ́n ní ká má fojú kàn mọ́ lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, èmi náà ni mo tún lọ kó o jáde nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Mo ti rí i tó láti mọ bó ṣe máa ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè yí mi lọ́kàn padà lórí ẹ̀ mọ́: ọ̀nà ìjẹun tó bá ti ní ọjọ́ tó máa parí, tó bá parí, ibi téèyàn wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa padà sí. Oúnjẹ tó dáa tá a fọwọ́ ara wa sè nílé, tá a lè máa jẹ ọdún dé ọdún láì sú wa, ìyẹn ò ní ọjọ́ ìparí, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára ẹ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà tọ́rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti fẹ́ máa ru, pé á dáa kí ara wọn fúyẹ́ díẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ àwọn tó wà lórí ìlà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, dókítà ò ráyè ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe ṣe é, ló bá di pé fóònù ló wá ń ṣàlàyé. Kí n tó mọ̀, fídíò kan ní ká má jẹ ìrẹsì, ká má jẹ búrẹ́dì, ká má jẹ ọ̀dùnkún, ẹran àti ẹyin nìkan ni kéèyàn máa jẹ. Òmíràn ní ọbẹ̀ kábéèjì fún ọjọ́ méje. Òmíràn ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù pẹ̀lú ata, kò sóúnjẹ kankan. Òmíràn tún ní èso nìkan ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tẹ́ ẹ bá to gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí ọ̀kan ní ó ń pa èèyàn ni èkejì ń pè ní oògùn, síbẹ̀ kò sí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ò gbìyànjú ẹ̀ tọkàntọkàn. Èèyàn tó ní ìpinnu ni wọ́n o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ tàbí alájẹkì làwọn tí dáyẹ́ẹ̀tì ò bá ṣiṣẹ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń fa èèyàn lọ́kàn mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi á gun ìwọ̀n láàárọ̀, màá gbọ́ ohùn wọn láti yàrá, "Ẹ wá wò ó o, kílò 2 ti lọ!" Inú gbogbo wa á dùn. Nígbà tó ṣe, mo wá ka bí ara ṣe ń ṣe é, àlàyé yẹn ló sì yanjú ọ̀pọ̀ nǹkan fún mi. Ara wa máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan, glycogen lorúkọ ẹ̀, nínú àgbàlagbà ó lè tó nǹkan bíi 500 gíráàmù, gíráàmù kan nínú ẹ̀ sì máa ń di omi tó tó gíráàmù 3 mú mọ́ra. Téèyàn bá wá dédé gé ìrẹsì àti búrẹ́dì kúrò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ná ohun tó tọ́jú yẹn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti fẹ́ẹ̀ tán, omi tó dì mú á sì bá ìtọ̀ lọ. Ìwọ̀n ò purọ́, kílò 2 ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá padà jẹ ìrẹsì. Ṣíbí díẹ̀ péré, ara á tún tọ́jú ṣúgà ẹ̀, omi á tún bá a wọlé, ìwọ̀n á fò sókè lọ́jọ́ kejì, á wá dà bíi pé ìrẹsì alẹ́ àná ló sọ èèyàn di sísanra mọ́jú. Bí ẹ̀rù oúnjẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Wọ́n á wo búrẹ́dì bí ẹni tó ń wo ejò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé omi lásán ló ń lọ tó ń bọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, mo da òróró díẹ̀ sínú ìkòkò, mo da àlùbọ́sà sí i, iná ẹ̀ ò pọ̀, etí àlùbọ́sà ọ̀hún ti ń pọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òórùn ẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé. Mo yíjú, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọn ò wọlé, wọn ò sì lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun o, ó ti fẹ́ jinná."

Wọ́n ní, "Rárá, mi ò jẹ. Òórùn ẹ̀ ni mo wá gbọ́."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Lóru ọjọ́ kan náà, mo rí iná fóònù lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn, fídíò àwọn tó ń se oúnjẹ ni wọ́n ń wò, ọ̀kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ń bínú sí nǹkan tí kò tó nǹkan, òtútù á máa mú wọn nígbà tí gbogbo wa ń làágùn, wọn ò sì sùn dáadáa.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí ebi máa ń ṣe fún èèyàn nìyẹn, pé wọ́n tiẹ̀ ti wádìí ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1944 sí 1945, nígbà ogun àgbáyé kejì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota nílẹ̀ Amẹ́ríkà kó ọkùnrin 36 jọ, àwọn ọ̀dọ́ tára wọn le koko tí wọ́n fínnúfíndọ̀ gbà, torí wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n á ṣe padà bọ́ àwọn tí ebi ogun ti pa. Fún ọ̀sẹ̀ 24 wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́ (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Àwọn ọkùnrin yìí ò ní nǹkan mìíràn lẹ́nu mọ́ ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ìwé ìtàn, àwọn kan ń tò ó jọ, wọ́n ń lá àlá oúnjẹ, inú ń bí wọn, òtútù ń mú wọn. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa jẹun padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ, wọ́n jẹ, wọn ò mọ̀ ọ́n ní yíyó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún iye kálórì yẹn wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dáyẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ méje tí wọ́n ń gbé kiri lónìí ò tó o rárá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá jẹ odidi búrẹ́dì tán lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń sunkún, èmi ò rí ẹni tí kò lè kóra ẹ̀ níjàánu, ara tó ń wá ọ̀nà àtiyè ni mo rí.

Bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan yìí ò tiẹ̀ tuntun. Lọ́dún 1863, ọ̀gbẹ́ni William Banting tó ń bójú tó ètò ìsìnkú nílùú London ti kọ ìwé pélébé kan lórí bóun ṣe fúyẹ́ nígbà tóun jáwọ́ nínú búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti ọ̀dùnkún, ìwé náà sì gbòde. Kẹ́tò tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, ìyẹn dáyẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀ tí ìrẹsì àti búrẹ́dì ò fẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, lọ́dún 1921 ni dókítà Russell Wilder nílé ìwòsàn Mayo Clinic nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé e jáde fún àwọn tí wárápá ń ṣe, dókítà ṣì ń lò ó títí dòní fáwọn ọmọ tí oògùn wárápá ò ràn, wọ́n sì máa ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ tó ń ṣàìsàn, tí dókítà ń díwọ̀n ẹ̀ gíráàmù sí gíráàmù, ni ẹnì kan á fi ìṣẹ́jú kan ṣàlàyé lórí fóònù fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó máa ń dùn mí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti tíì náà, torí òun ló sún mọ́ ewu jù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé e wá, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé ó ń fọ inú, ó ń lé ọ̀rá dànù. Ewé senna ló wà nínú ẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ ni senna. Inú ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá fi máa débẹ̀, ìfun kékeré ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú kálórì ẹ̀ sínú ara tán. Kí ló wá kù tí tíì yẹn máa lé dànù? Omi, àti àwọn èròjà bíi potassium tí ọkàn wa nílò kó tó lè máa lù dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún títí orí fi ń yí wọn, mo sì gbé páálí náà kúrò nílẹ̀ láì tọrọ àyè. Àwọn kan tiẹ̀ tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ sibutramine, ọdún 2010 ni wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nítorí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń yẹ oògùn wò ṣì máa ń bá a nínú ohun tí wọ́n kọ "ewé àti egbò lásán" sí lára. Ní ti pé kéèyàn fọ ìdọ̀tí kúrò nínú ara, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ni iṣẹ́ yẹn, tọ̀sántòru ni wọ́n ń ṣe é, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ò lè bá wọn ṣe é.

Àmọ́ kì í ṣe tíì ló mú kí n sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin mi ni. Ọmọ tí eyín ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. Mo bu oúnjẹ fún un, ó rọra fi ṣíbí ti ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ kan àwo, mo ní kí ló dé, ó ní, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ kí n sanra." Àyà mi já. Ọmọ tí egungun ẹ̀ ń dàgbà, tí ọpọlọ ẹ̀ ń dàgbà, tó yẹ kó máa bèèrè oúnjẹ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi, mi ò wá bá yín jà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa jẹ ìkòkò kan náà. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dín kù, ẹ sọ fún mi, màá dín in kù fún gbogbo wa."

Wọ́n ní, "Ṣé àwọn ọmọ á jẹ ẹ́?"

Mo ní wọ́n á jẹ ẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ torí pé àwọn èèyàn máa ń sọ pé "ẹ máa jẹ oúnjẹ ilé", wọ́n á wá dákẹ́ síbẹ̀. Oúnjẹ ilé náà lè burú o. Téèyàn bá ń dín gbogbo nǹkan nínú òróró tó kún ìkòkò, tó ń da iyọ̀ àti màgí lé ara wọn, tó ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sin ín, ilé ló ti sè é lóòótọ́ àmọ́ kò ṣe ara lóore. Àǹfààní tó wà nínú oúnjẹ ilé ni pé ojú ẹ wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ wà níbẹ̀, ohun tó bá pọ̀ jù o lè dín in, lọ́la o tún lè dín in sí i. Oúnjẹ inú páálí ò fún ẹ láyè yẹn.

Òróró ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Tẹ́lẹ̀, láti inú ìgò ni mo ti ń yí i dà sínú ìkòkò, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, mo kọ́kọ́ yí iye tí mo máa ń yí tẹ́lẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù, mo wá ń fi ṣíbí ìjẹun bù ú kúrò níbẹ̀, mò ń kà á. Ṣíbí kan máa ń gba nǹkan bíi 14 gíráàmù òróró, ìyẹn á fún èèyàn ní nǹkan bíi kálórì 120, torí pé gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti ṣúgà tàbí ti prótíìnì kan sì ní nǹkan bíi 4. Mò ń bù ú, kọ́ọ̀pù ò tán. Látìgbà yẹn, ṣíbí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òróró nílé wa, kò sí ìkòkò tí òróró ń wọ̀ tí kò gba ojú ṣíbí yẹn kọjá, a ti fi dín òróró tá à ń lò kù sí ìdajì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ lẹ́nu. Ìyẹn nìkan ju gbogbo ọbẹ̀ kábéèjì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ojú rí màbo nídìí ẹ̀ lọ. Mi ò sì yọ òróró kúrò pátápátá, torí ara nílò ọ̀rá díẹ̀ kó tó lè gba fítámì A, D, E àti K, àwọ̀ pupa inú tòmátò tó ń ṣe ara lóore náà sì máa ń wọ ara dáadáa tí wọ́n bá sè é pẹ̀lú òróró díẹ̀ ju kéèyàn jẹ ẹ́ ní tútù lọ. Èèyàn tó ní ká má fẹnu kan ọ̀rá rárá ò gba tara rò.

Iyọ̀ ló tẹ̀ lé e, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, kò ju ṣíbí tíì kan lọ, bẹ́ẹ̀ màgí, búrẹ́dì, ẹran inú agolo, gbogbo wọn ló ti ní iyọ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀. Mi ò gé e lẹ́ẹ̀kan náà torí àwọn ọmọ á kọ oúnjẹ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń yọ ọ́, mo sì ń fi ata, aáyù, atalẹ̀ àti lẹ́mọ́ọ̀nù dípò ẹ̀ (iṣẹ́ gidi tí lẹ́mọ́ọ̀nù lè ṣe nìyẹn), nígbà tó yá ahọ́n wa mọ́ ọn, oúnjẹ tá a máa ń rà jẹ níta tẹ́lẹ̀ wá ń dà bí ẹni pé wọ́n rì í sínú iyọ̀.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù. Prótíìnì wà nínú ẹ̀, fáíbà wà nínú ẹ̀, ìyẹn apá ara ohun ọ̀gbìn tí inú wa ò lè lọ̀ tán, òun ló ń jẹ́ kéèyàn yó pẹ́, tí ìgbẹ́ sì ń ya geerege. Alẹ́ ni mo máa ń rẹ tèmi, màá da omi yẹn nù láàárọ̀, màá fi omi tuntun sí i. Ẹ̀wà pupa ńlá tó dà bíi kíndìnrín yẹn, ẹ jẹ́ kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó dín iná ẹ̀ kù o, torí májèlé kan wà nínú ẹ̀ nígbà tó bá wà ní tútù, ooru tí kò le tó ò sì lè pa á. Lẹ́yìn náà kó máa sè jẹ́jẹ́, iyọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà púpọ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni mò ń se tèmi lọ́pọ̀, màá pín in sí ike kéékèèké, á wọ fíríísà.

Ẹ̀fọ́ àti èso, àjọ yẹn kan náà ní ká máa jẹ tó gíráàmù 400 lójúmọ́. Èmi ò wọ̀n ọ́n, mo kàn rí i pé ìdajì àwo kálukú jẹ́ ẹ̀fọ́, ìdá mẹ́rin àwo jẹ́ ẹ̀wà tàbí ẹja tàbí ẹyin, ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ ìrẹsì tàbí ọ̀dùnkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ìrẹsì padà sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni pé ẹ̀tàn ni.

Ní báyìí tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo lóye ìdí tí àwo yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ kan ní àjọ ìlera NIH nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Kevin Hall ló ṣáájú wọn, gba èèyàn 20 sínú ilé ìwòsàn tí wọ́n fi ń ṣèwádìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Fún ọ̀sẹ̀ 2 wọ́n fún wọn ní oúnjẹ ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti pò láti ilé iṣẹ́ wá, fún ọ̀sẹ̀ 2 mìíràn wọ́n fún wọn ní oúnjẹ gidi tí wọ́n sè. Iye kálórì, ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti fáíbà tó wà nílẹ̀ fún wọn bára dọ́gba, wọ́n ní kí kálukú jẹ ohun tó bá wù ú. Nígbà tó jẹ́ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bíi kálórì 500 lé sí i lójúmọ́, wọ́n sì sanra fi nǹkan bíi kílò kan dín díẹ̀. Nígbà tó jẹ́ oúnjẹ gidi, bíi kílò kan dín díẹ̀ náà ló lọ lára wọn, kò sẹ́ni tó febi pa wọ́n, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má jẹ ìrẹsì. Wọ́n sì tún rí i pé oúnjẹ ilé iṣẹ́ yẹn, kíákíá ni wọ́n ń gbé e mì. Ohun tí èmi náà ń rí ní tábìlì wa gẹ́lẹ́ nìyẹn, torí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ gba kéèyàn jẹ ẹ́ lẹ́nu, ikùn á ti sọ fún orí pé ó tó kí àwo tó tán.

Fáwọn tó ń bára wọn jiyàn lórí ìrẹsì àti ọ̀rá, èwo ló yẹ ká gé, àwọn Yunifásítì Stanford náà gbé e yẹ̀ wò, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Èèyàn 609, oṣù 12, àwọn kan dín ọ̀rá kù, àwọn yòókù dín ìrẹsì àti búrẹ́dì kù. Èsì méjèèjì fẹ́ẹ̀ rí bákan náà, kílò 5 sí 6 ló lọ lára àwọn méjèèjì tá a bá pín in dọ́gba. Ohun tí wọ́n jọ kọ́ àwọn méjèèjì rèé: ẹ jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, ẹ dín ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun kù, ẹ máa dáná nílé. Èmi ò nílò kẹ́nikẹ́ni tún wá sọ ju ìyẹn lọ fún mi.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé àyè dà, pé ẹni tó dé láti ibi iṣẹ́ tó ti rẹ̀, ṣé ó tún máa dúró ti iná? Ẹ ò jẹ̀bi. Ọjọ́ tó rẹ̀ mí, ẹ̀wà inú fíríísà ni mò ń gbé kaná, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti gé tí wọ́n mú kó dì ni mò ń dà sí i, ẹyin méjì, ó parí, kò gbà mí ju àsìkò tí mo fi máa dúró de oúnjẹ tá a rà níta lọ. Ẹ̀fọ́ dídì ò burú, èròjà inú ẹ̀ ò sá lọ. Ẹ̀wà inú agolo náà dáa, ẹ kàn da omi ẹ̀ nù kẹ́ ẹ sì fi omi ṣan án, iyọ̀ ẹ̀ á dín kù. Àmọ́ ẹ má fi oúnjẹ tẹ́ ẹ sè sílẹ̀ lórí tábìlì kọjá wákàtí 2 kó tó wọ fíríjì, pàápàá ìrẹsì, torí kòkòrò kan wà nínú ẹ̀ tí sísè ò pa tán, tó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ á sọ inú èèyàn di ogun. Èyí tẹ́ ẹ bá sì gbé kaná, ẹ jẹ́ kó gbóná dénú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tún wà fáwọn tí àìsàn ń ṣe. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tó bá dédé gé oúnjẹ kù, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ kó dá kú. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, ẹ̀wà àti èso tí mò ń yìn yìí lè jẹ́ ohun tí dókítà á ní kó dín kù. Kéèyàn yára rù jù náà lè mú kí òkúta hù nínú àpò òróòro. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá onímọ̀ oúnjẹ wà nílé ìwòsàn yẹn, torí àwọn wọ̀nyẹn máa ń ráyè jókòó ti èèyàn.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ara wọn ò fúyẹ́ kíákíá. Oṣù àkọ́kọ́, ìwọ̀n ò fẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, wọ́n fẹ́ máa bínú, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé ìwọ̀n ọ̀hún lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbà. Ohun tó kọ́kọ́ yí padà ni oorun, wọ́n ń sùn mọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbínú yẹn lọ. Wọ́n wá ń jókòó ti tábìlì pẹ̀lú wa, wọ́n ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ iléèwé dípò kálórì, bẹ́ẹ̀ ìlànà ìjẹun tí ìjọba Brazil gbé jáde lọ́dún 2014 tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé kéèyàn máa jẹun pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì nígbà tó bá ṣeé ṣe, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Aṣọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi fún wọn lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ wọn tó fẹ́ máa ru ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì padà gòkè bíi tàtẹ̀yìnwá, nítorí kò sóhun tá a parí tí wọ́n á torí ẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má tún gbogbo oúnjẹ ilé ṣe lọ́jọ́ kan. Oúnjẹ tẹ́ ẹ máa ń sè jù lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Tiwa, oúnjẹ àárọ̀ ni, búrẹ́dì funfun pẹ̀lú tíì tó kún fún ṣúgà. A pààrọ̀ búrẹ́dì sí èyí tí wọ́n fi odindi wíìtì ṣe, a fi ẹyin àti tòmátò sí i, ṣúgà inú tíì ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó tó oṣù kan ká tó kan oúnjẹ ọ̀sán, oúnjẹ alẹ́ ló kẹ́yìn.